Ọ̀rọ̀ Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kò Jẹ́ Kí N Gbọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án

Ó tún já. Lánàá, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kan ṣoṣo tí èmi àti Yọdé ọkọ mi ń rí ara wa lórí fóònù nínú ọ̀sẹ̀. Ojú rẹ̀ dúró gbagidi lórí fóònù, ẹnu là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín, ni gbogbo rẹ̀ bá di òkùnkùn. Mo pè padà. Kò wọlé. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín yẹn o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín! Èmi tí gbogbo ẹ́sítéètì yìí ń pè ní Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi Adébùkọ́lá tí mo ń gun òrùlé olórùlé láti Ṣàngótẹ̀dó títí dé Lẹ́kí, tí mo ń so rédíò, ẹ̀rọ tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ́ òpó kí ìyàwó oníyàwó lè rí ọkọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Ilé tèmi ló wá ń já. Bí wọ́n bá gbọ́ níbi iṣẹ́, mo ti dẹni yẹ̀yẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ti ń sọ nǹkan kan bọ̀. Ó ní, "Bùkọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n bá ẹ sọ. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n sọ ọ́ —" Ibẹ̀ ló já sí.

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ìrìnnà mi ni. Ọdún kẹta rèé tó ti wà ní Kánádà. Kó tó lọ, ó ní bí tòun bá ti tò, tèmi ló kàn, kí n má ṣe jẹ́ kí ọkàn mi pò rúúrúú. Ó ti tò nìyẹn. Ó fẹ́ sọ fún mi pé kí n máa palẹ̀ mọ́. Inú mi ń dùn, ó sì ń bí mi lẹ́ẹ̀kan náà — irú ayọ̀ wo ló máa ń dé ẹnu ọ̀nà tí kò ní wọlé?

N ó tún un ṣe kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Ṣebí iṣẹ́ mi ni.


Ìṣẹ́gun, 2/9

Òjò láti àárọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè gun òrùlé. Mo ń wo rédíò yẹn láti ojú fèrèsé bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ ẹ́.


Ọjọ́bọ̀, 4/9

Mo ti rí i! Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Nídìí iṣẹ́ wa, ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé iná wà? Ṣé wáyà wọlé dáadáa? Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀ yóò tú gbogbo ilé kó tó rí i pé ekúté ló gé wáyà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà mo yẹ wáyà wò. Mo pààrọ̀ ráútà. Mo dé orí òrùlé nígbẹ̀yìn, mo gbójú sókè — ilé alájà mẹ́ta.

Nígbà tí mo ri rédíò yẹn mọ́ òrùlé, igbó àti igi àgbọn ló wà láàárín ilé mi àti òpó wa tó wà lẹ́yìn ọjà. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rí ara wọn lójúkojú. Bí nǹkan bá ti dúró sáàárín wọn, ọ̀rọ̀ á máa já. Ilé tuntun yìí ti wá dúró sáàárín bí àna tí kò fẹ́ ìyàwó. Àwọn bíríkìlà tó ń mọ ọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n ń wò mí lórí páànù. Ọ̀kan pariwo pé, "Màdáámù, ẹ rọra o! A ò tíì mọ ilé àwọn tó ń jábọ́ látorí òrùlé!" Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ́ mi lọ́nà ná, kí n lè rí ọkọ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tó dàgbà nínú wọn ní Ọlọ́run á so wá pọ̀. Mo ṣàmín, àmín tó ti inú wá.

Quadri gbé páìpù gígùn wá lẹ́yìn iṣẹ́. Òun la jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń gun ibi tó bá ga jù mí lọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A gbé rédíò náà sókè títí ó fi fojú fo ilé náà. Ó dán an wò: ìránṣẹ́ kékeré la máa ń fi sí ojú ọ̀nà, kí a wo mélòó ni yóò padà. Gbogbo rẹ̀ ló padà. "Àǹtí, ó ti kílíà. Ẹ lè máa wo bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀."

Mo ránṣẹ́ sí Yọdé pé mo ti tún un ṣe, kó máa múra ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi àwòrán àtàǹpàkò kan dáhùn.


Ẹtì, 5/9

Àǹtí Mọ̀nsúrát kò jẹ́ kí n simi. Òun ló ń ta táìsì, ilẹ̀kùn àti ṣíńkì fún àwọn tó ń kọ́lé ní Awoyaya. Nínú ìwé yìí, Àǹtí Táìsì ni mo ń pè é. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀ wà lórí sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní ọ́fíìsì wa ní Lẹ́kí, tó ń gbé ojú ìwé àwọn oníbàárà síta fún aráyé. Ó ní bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ kó ṣí, àfi kó lọ wẹ̀ kó tó padà wá. Àwọn kọ́lékọ́lé máa ń ṣí i níbi iṣẹ́ láti yan táìsì, wọn ò sì ní sùúrù. Wọ́n ti ń gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. "Bùkọ́lá, ṣé o fẹ́ kí n máa gbé táìsì sórí kiri àdúgbò ni?"

Mo yẹ sáfà wò. Kò ṣe nǹkan kan. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, kó wo ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó ní ohun tí gbogbo wa ń sọ nìyẹn, pé a ti há a sórí bí ọmọ ilé kéwú. Ó dùn mí díẹ̀. Ohun tí Yọdé ń sọ fún mi náà ni.

Mo ní n ó wá ní Ọjọ́rú.


Àìkú, 7/9

Mo fọ irun. Mo wọ búláòsì aláwọ̀ ewé tó fẹ́ràn. Mo gbé fóònù ti ògiri, mo jókòó sílé dè é bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de èsì ìdánwò.

Ó pè. Ojú rẹ̀ mọ́ gbòò. Mo rí ewú nínú irùngbọ̀n rẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní bàbá arúgbó, ta ló ń da ẹfun sí ọ nírùngbọ̀n? Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ti rù. Ó ní òun kì í sùn dáadáa. Mo ní kí ló dé, ó ní iṣẹ́ ni. Ó béèrè Ìyá rẹ̀, mo ní Ìyá wà, mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan báyìí. Mo wá ní, "Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Bùkọ́, má bínú sí mi o." Mo ní kí ni n ó bínú sí? Àtàǹpàkò rẹ̀ bo ojú fóònù, ni ìpè náà bá dákẹ́.

Àtẹ̀jíṣẹ́: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Pẹ̀lẹ́."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wo àkọsílẹ̀ rédíò mi. Tẹ́ẹ́rẹ́, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ibi tó ti ṣẹ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ó ní láti jẹ́ wáyà abẹ́ òkun. Tàbí ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó lọ́hùn-ún. Tiwọn náà máa ń bàjẹ́, wọn kì í kàn í sọ ọ́ síta ni.

Mo bọ́ búláòsì náà, mo ká a. Mo sunkún díẹ̀. Ó rẹ̀ mí ni.


Ajé, 8/9

Kátàkátà gé fáíbà wa ní Awoyaya láàárọ̀ yìí! Àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà omi ló fi ehín ẹ̀rọ gbé wáyà wa sókè pẹ̀lú ẹrẹ̀. Ìdajì Ajah ò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ń pariwo, oníbàárà ń ṣépè, èmi nìkan ni inú mi ń dùn láàárín wọn. Mo ti mú olè.

Èmi àti Quadri jókòó lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì, à ń so ọ̀já dígí tó tín-ín-rín bí irun yẹn pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ohun tó ń já fóònù mi nìyí." Quadri ní, "Àǹtí, òní kọ́ ni wọ́n gé e ni?" Mo ní ó lè ti máa bó díẹ̀díẹ̀ láti àná. Ó wò mí. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe o."

Fáíbà kì í bó díẹ̀díẹ̀. Ó wà tàbí kò sí. Èmi ni mo kọ́ Quadri bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́rú, 10/9

Mo rí ohun tó ń ṣe Àǹtí Táìsì.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín páálí táìsì, mo ń tú ojú ìwé rẹ̀ palẹ̀, mò ń wo ẹni tó ń pè kó tó fara hàn. Sáfà wa ń dáhùn kíá. Ọ̀nà dára. Síbẹ̀ ojú ìwé náà funfun báláú, kò mira. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n fi àyè kékeré kan sí i fún oníbàárà láti bá olùtajà sọ̀rọ̀; ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni àyè yẹn. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Kò sí ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, ojú ìwé náà á kọ́kọ́ lọ pe ilé iṣẹ́ yẹn, á dúró, á máa dúró, ìgbà tó bá sú u tán ni yóò wá fi táìsì hàn. Mo pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́. Ó ṣí kí n tó gbé ọwọ́ kúrò.

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ti kó lọ láti ọjọ́ yìí, òun ni ṣọ́ọ̀bù mi ń dúró dè kó tó dá oníbàárà lóhùn? Irú ìwà wo nìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní mọ́ọ̀tì tútù, ó ní Ọlọ́run á sún mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi.

Nínú ọkọ̀ kọ̀rọ̀pẹ́ tí mo wọ̀ bọ̀, mo rántí ohun tó sọ nípa ẹni tó ti kó lọ, ẹ̀rín náà kò wá mọ́.


Ọjọ́bọ̀, 11/9

Yọdé kọ̀wé láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kọ sí i: "Má da ara rẹ láàmú lórí rédíò mọ́, Bùkọ́. O ti gbìyànjú." Mo ti ka gbólóhùn yẹn títí. Ta ló ń sọ fún ènìyàn pé ó ti gbìyànjú nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí?


Àbámẹ́ta, 13/9

Mo ti pinnu. Lọ́la, ọ́fíìsì ni n ó ti gba fóònù rẹ̀. Kò sí ibi tí ọ̀nà ti mọ́ tó ibẹ̀ ní gbogbo etí òkun yìí. Inú yàrá tí sáfà wà ni n ó jókòó sí. Quadri ló wà lẹ́nu iṣẹ́, yóò máa bá mi wo ojú ọ̀nà. Bó bá já níbẹ̀, a jẹ́ pé ayé ló fẹ́ parẹ́.

Mo rántí bí èmi àti Yọdé ṣe pàdé. Íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì wọn ló bàjẹ́, wọ́n rán mi lọ. Mo tún un ṣe. Ọjọ́ kejì, ó tún bàjẹ́. Mo lọ. Ó tún bàjẹ́. Mo ń bú ara mi, mo ń bú ẹ̀rọ, mi ò mọ̀ pé ọmọkùnrin kan tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn ló ń fa wáyà yọ kí n lè padà wá. Ọjọ́ tí mo ká a mọ́ ọn, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà máa rí yín." Mo bínú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Mo ti wá ń rẹ́rìn-ín sí i láti ìgbà náà. Ọkùnrin tó bá lè ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ nítorí ìfẹ́, kò ní jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ba ìfẹ́ jẹ́.


Àìkú, 14/9

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, láìbù mọ́ ọn.

Ó pè. Àwòrán rẹ̀ dúró ṣinṣin, ohùn rẹ̀ sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ ìgbà tó gbé itọ́ mì. Mo ní, "Yọdé, ọ́fíìsì ni mo wà. Kò ní já lónìí. Sọ ọ́." Ojú rẹ̀ yí padà. Mo ti ń wo ojú yẹn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ní, "Ọ́fíìsì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Bùkọ́..." Fóònù náà dákẹ́.

Mo yíjú sí Quadri. Mo ní kí ló já? Ó ní kò sí nǹkan tó já. Mo ní wò ó dáadáa. Ó wò ó. Ó wá fi ohùn kékeré sọ ọ́, bí ẹni tó ń bẹ̀ mí: "Àǹtí, tó bá já, fóònù yín á máa wá wọn kiri, á máa dún. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí ò wá ẹnikẹ́ni. Wọ́n pa á ni."

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní kí ló mọ̀? Mo ní ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ nípa ilé ìwé tí kò lọ. Ó dúró, ó ń gbọ́ ọ. Ó bá mi gbé báàgì dé ẹnu géètì.

Ó mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ kékeré tó ní fóònù mọ̀ ọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀, fóònù mi kò wá a kiri rí. Ó kàn ń dákẹ́ ni.


Ajé, 15/9

Mo bẹ Quadri. Ó ní kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Kò wò mí lójú.


Ìṣẹ́gun, 16/9

Mo gbìyànjú láti máa ronú bí oníṣẹ́. Ó lè jẹ́ fóònù rẹ̀ ló ń kú. Bátìrì. Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí àìsàn wà, ẹ̀rọ ẹlòmíràn la fi ń dán an wò. Ta ló tún ń bá Yọdé sọ̀rọ̀? Ìyá rẹ̀ ní Addo, Ìyá tó ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ. Fóònù Ìyá ti fọ́ lójú, ilé Ìyá sì burú fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ju gbogbo ibi tí mo mọ̀ lọ: páànù rọ̀ sílẹ̀, ògiri nípọn, òpó jìnnà. Bí tèmi bá ń já, tiwọn á ti máa fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Mo pè wọ́n. Mo ní, "Ìyá, ṣé fóònù yín kì í já tí Yọdé bá pè?" Ìyá ní, "Kí ló máa já? Àní a sọ̀rọ̀ lánàá títí ọbẹ̀ mi fi jóná." Wọ́n wá yára ní, "Àbí ó já díẹ̀. Ó já. Ó já, ìyàwó mi."

Ìyàwó mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí láti ọjọ́ tí mo wọlé wọn. Nígbà tí Yọdé ń lọ, wọ́n ní kí n má sunkún, pé àwọn lọkọ mi títí ọkọ mi yóò fi ránṣẹ́ sí mi.

Wọ́n tún béèrè bóyá Bàbá Ọdúnjọ ti wá sọ́dọ̀ mi. Bàbá Ọdúnjọ ni àbúrò bàbá Yọdé, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń gbé. Wọn ò wá sílé mi rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo ní rárá, ṣé wọ́n ń bọ̀ ni? Ìyá ní, "Wọ́n á wá. Ó yẹ kí wọ́n ti wá." Wọ́n ní Ọlọ́run á ṣàánú fún gbogbo wa.

Kí ni àgbàlagbà fẹ́ wá sọ fún mi tí ọkọ mi ò lè sọ?


Ẹtì, 19/9

Mi ò jẹun. N ó lọ sí Addo lọ́la. Mi ò ní pè kí n tó lọ.


Àbámẹ́ta, 20/9

Mo dé Addo lọ́sàn-án. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá wà ní títì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí àwọn aránṣọ ń ra nǹkan jù! Mo gba ẹ̀yìn wọlé. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Ìyá, wọ́n ń ṣàdúrà. Mo rọra, mo rò pé àlejò wà.

Kò sí àlejò. Ìyá nìkan ló jókòó, wọ́n wé gèlè, wọ́n wọ aṣọ tí mo rà fún wọn fún ọdún Kérésì. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí àga kékeré. Oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ wà, omi wà nínú ife, obì, orógbó, ataare. Fóònù náà dúró ti ìgò oyin, wọ́n ṣí ohùn rẹ̀ síta ketekete torí etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́. Mi ò rí ojú rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Mo kàn ń gbọ́ ọ.

"Oyin rèé," ni Ìyá wí. "Ayé rẹ á dùn ju oyin lọ. Olúwaṣemílóore, Àṣàkẹ́ mi, omi rèé. A kì í bá omi ṣọ̀tá. Wọn ò ní bá ọ ṣọ̀tá." Ohùn ọkùnrin kan ṣàmín. Ọkọ mi ni.

Mo gbọ́ ọmọ tuntun náà. Kò sunkún. Ìmí rẹ̀ ni mo gbọ́, fín-ín, fín-ín, bí ẹni pé wọ́n gbé e sí mi léjìká. Lábẹ́ páànù yẹn, lórí fóònù fífọ́ yẹn, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹ́. Síbẹ̀ orí mi tí kò gbádùn ń wọn ọ̀nà náà, ó ń sọ fún mi pé ó dára, ó dára gan-an.

Ìgbà náà ni ohùn mìíràn wọ inú rẹ̀, ohùn ọmọdé tó ti ń rìn, tó ti ń sọ̀rọ̀. "Gíráńmà! Gíráńmà!" Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìtìjú, ẹ̀rín ẹni tó ti mọ ọmọ náà tipẹ́. "Àkànní, ọkọ mi, rọra, jẹ́ kí àbúrò rẹ gba orúkọ tirẹ̀ ná."

Àbúrò rẹ.

Mo wá ń kà á padà nínú ọkàn mi. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo wọ búláòsì. Gbogbo ìgbà tó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kóun sùn. Ọmọ yẹn ti ń rìn! Kì í ṣe oṣù yìí ló bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọdún yìí pàápàá.

Ìyá gbójú sókè, wọ́n rí mi. Ṣíbí oyin dúró lọ́wọ́ wọn.

Yọdé ní, "Màmá? Màmá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́? Ó jọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ."

Mi ò mọ ìgbà tí mo wọlé. Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ, Yọdé. Bùkọ́lá ni."

Mo gbọ́ obìnrin kan tó fi òyìnbó béèrè pé ta nìyẹn. Mo gbọ́ tí ọmọ ń mí. Mo ń dúró de ìgbà tí yóò dákẹ́, torí mo ti mọ bó ṣe máa ń dákẹ́.

Ìyá ló kígbe. "Má pa á! Ọláyọdé, bí o bá pa fóònù yìí lónìí, má pè mí ní ìyá rẹ mọ́ láéláé!" Wọ́n yíjú sí mi, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n ní a kì í ti orí fóònù sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ìyàwó ilé, pé àgbà ló yẹ kó wá jókòó tì mí kó sọ ọ́. Wọ́n ní Bàbá Ọdúnjọ ni wọ́n rán, ọdún kan rèé tó ti ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Wọ́n ní Yọdé gbìyànjú láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò gbé e. Àwọn náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọlé tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, ọ̀rọ̀ náà á tún padà sínú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ síta. Ìyá ti ń wólẹ̀ níwájú mi, àgbàlagbà, ìyá ọkọ mi, gèlè wọn ti tú. Mo dì wọ́n lápá mú kí orúnkún wọn má kan ilẹ̀. Mo bínú sí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi fi ń dun èmi fúnra mi, mi ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀.

Mo gbé wọn jókòó. Mo fa àpótí kan, èmi náà jókòó. Mo gbé fóònù náà sórí itan mi. Ojú rẹ̀ mọ́, ewú inú irùngbọ̀n rẹ̀ ti pọ̀ sí i, ó gbé ọmọ náà dání nínú aṣọ funfun. Ọmọ náà rẹwà. Ó jọ ọ́.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ bá mi sọ, sọ ọ́. Mò ń gbọ́ ẹ dáadáa."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò já lẹ́ẹ̀kan.